Sikúrúù ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ìpẹja mi ti jẹ lójú, kò yí mọ́

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, Galveston:
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Mo ra ọkọ̀ ìpẹja kékeré kan lọ́dún tó kọjá, ẹ́ńjìnnì alágbára ẹṣin 40 ló wà nídìí rẹ̀. Mo fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì gíá rẹ̀ kí òtútù tó dé. Sikúrúù òkè, ibi tí atẹ́gùn ń gbà, tú wẹ́rẹ́. Ti ìsàlẹ̀ tí ọ́ìlì ń gbà jáde ò mì rárá. Mo fi sikurudíráfà pẹlẹbẹ yí i, ó yọ̀. Mo tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó tún yọ̀. Ní báyìí, etí ihò ojú rẹ̀ ti di róbótó. Omi iyọ̀ ni mo máa ń gbé e wọ̀, ní Galveston Bay, ọ́ìlì díẹ̀ tó sì yọ lókè ti funfun bíi mílíìkì. Ṣé kí n kúkú fi dírìlì lu ú?

Bọ̀dá Houston:
Má fi dírìlì lu ú o, àbúrò mi! Kò tíì tó bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn kan kọ́kọ́ wà fún ọ: ọ́ìlì tó bá ti funfun, omi ti wọ inú gíábọ́ọ̀sì nìyẹn, nítorí náà o ò lè fi í sílẹ̀ di ìgbà òtútù. Bí omi yẹn bá di yìnyín, ó lè la gíábọ́ọ̀sì náà. Gbogbo wa la rí ohun tí òtútù ṣe ní Texas níbí lóṣù kejì 2021.

Iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ojú omi ni mo kọ́ ní Ìkòròdú kí n tó wá síbí, Yamaha 40 ló pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn apẹja tó ń gbé tiwọn wá. Irú sikúrúù yìí kan náà ló máa ń jẹ, ìdí rẹ̀ sì ni pé ihò ojú rẹ̀ fẹ̀, ó sì jìn, sikurudíráfà inú ilé kò lè kún un. Ẹnu irin tó o máa lò gbọ́dọ̀ kún ihò náà láti etí kan dé ìkejì, kó sì nípọn débi pé kò ní máa mì nínú rẹ̀. Lọ sí ṣọ́ọ̀bù irinṣẹ́ mọ́tò, sọ fún wọn pé drag link socket lo fẹ́. Ẹnu pẹlẹbẹ gbòòrò ni, ó ń wọ ara ráṣẹ́ẹ̀tì.

Ra impact driver pẹ̀lú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi òòlù lù, kì í ṣe oníbátìrì. Bí òòlù bá ṣe ń bà lé e, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ ń wọlé tó sì ń yí lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní ráyè yọ̀. Kó o tó lù ú, rí i pé ọwọ́ òsì lo yí i sí, torí bí o bá gbàgbé, ṣe lo máa dè é mọ́ ọn sí i.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, Galveston:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Sikúrúù kan tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ojú rẹ̀ dà bí àgbélébùú. Ṣé mi ò lè gba ibẹ̀ da ọ́ìlì náà?

Bọ̀dá Houston:
Má fọwọ́ kàn án! Lára àwọn ẹ́ńjìnnì Johnson àti Evinrude àtijọ́, sikúrúù yẹn ló di irin tí ń yí gíá mú nínú lọ́hùn-ún. Bí o bá tú u, irin náà á kúrò nípò rẹ̀, wàá sì ní láti tú gbogbo gíábọ́ọ̀sì palẹ̀ kó o tó lè dá a padà. Mi ò mọ ẹ́ńjìnnì wo ni tìrẹ, ṣùgbọ́n fi í sílẹ̀.

Àǹtí Aberdeen:
Ẹ kú iṣẹ́ o, Bọ̀dá. Àbúrò, ẹ̀rọ orí òkun ni mo ń tọ́jú níbí, irú èyí kì í wọ́n lọ́wọ́ wa. Kì í ṣe pé ẹnìkan de sikúrúù yẹn le jù. Stainless ni sikúrúù, alumíníọ́ọ̀mù ni gíábọ́ọ̀sì, omi iyọ̀ sì wà láàárín wọn. Bí bátìrì ló rí: alumíníọ́ọ̀mù ni yóò máa jẹ, ìyẹ̀fun funfun tó ń tinú rẹ̀ jáde á wá há sáàárín tẹ́rẹ́ẹ̀dì bíi sìmẹ́ǹtì. Ìyẹ̀fun yẹn lo ń bá jà, agbára apá nìkan ò sì lè fọ́ ọ.

Fi wáyà tín-ín-rín ha inú ihò ojú rẹ̀ mọ́. Fín ọ́ìlì tó ń wọ́ wọ tẹ́rẹ́ẹ̀dì sí i lálẹ́, tún un fín láàárọ̀. PB Blaster wà lọ́dọ̀ yín, Plusgas là ń lò níbí. Lẹ́yìn náà, wá ooru. Alumíníọ́ọ̀mù máa ń wú ju stainless lọ: bí ọ̀kan bá wú ní ìwọ̀n 23, èkejì á wú ní nǹkan bí 16. Ihò á fẹ̀ ju sikúrúù lọ díẹ̀, díẹ̀ yẹn sì tó. Má lo iná gáàsì, nítorí bẹntiróòlù, àti nítorí rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́ inú. Se omi kó hó, rẹ àkísà sínú rẹ̀, gbé e lé ara gíábọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀mẹ́ta mẹ́rin. Kó ara rẹ̀ tó tutù, fi òòlù kan orí sikúrúù náà ní tààrà, kó o wá lo irinṣẹ́ tí Bọ̀dá sọ. Tó bá mì díẹ̀ báyìí, dá a padà díẹ̀, tún tú u. Má fà á jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìyá Peckham:
Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Orí afárá Southend ni ọkọ mi ti máa ń pẹja, èmi ni mo sì ń tú ríìlì tó fi ń ká okùn ìpẹja láti fọ̀ ọ́. Àwọn sikúrúù kéékèèké ibẹ̀ jẹ lójú títí a fi gbọ́ pé àgbélébùú ti Jàpáànù kì í ṣe Phillips, ìyẹn àgbélébùú tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ń pè é ní JIS, àmì kékeré kan sábà máa ń wà lójú rẹ̀. Ẹnu Phillips kì í jókòó dáadáa nínú rẹ̀, ó máa ń gun òkè, òun ló ń jẹ ẹ́. Èyí tó ti jẹ, a fi àtíkè tútù tí àwọn mẹkáníìkì fi ń lọ fáàfù sí ẹnu sikurudíráfà. Iyanrìn inú rẹ̀ gbá a mú, ó sì tú.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, Galveston:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ó ti tú! Alẹ́ méjì ni mo fi fín in. Láàárọ̀ òní, omi gbígbóná ẹ̀ẹ̀mẹrin, òòlù mẹ́fà. Ní ìkeje ó dún “kà”, ara mi gbọ̀n, mo rò pé ó ti ṣẹ́ ni. Ó ti yí ni o. Ìyẹ̀fun funfun kún tẹ́rẹ́ẹ̀dì rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Àǹtí ṣe sọ ọ́, omi ló kọ́kọ́ jáde kí ọ́ìlì tó tẹ̀ lé e. Tẹ́rẹ́ẹ̀dì inú gíábọ́ọ̀sì ò bà jẹ́.

Bọ̀dá Houston:
Ọlọ́run ṣeun! Má dá sikúrúù yẹn padà, ra tuntun àti wáṣà tuntun méjèèjì. Gíríìsì díẹ̀ ni kó o fi pa tẹ́rẹ́ẹ̀dì. Ìsàlẹ̀ ni kó o ti fún ọ́ìlì wọlé títí yóò fi yọ lókè, kó o dí òkè kó o tó yọ pọ́ǹpù tó ń fún ọ́ìlì nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ibo ni omi yẹn gbà wọlé? Yọ pùròpélà, wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, Galveston:
Mo ti yọ ọ́. Okùn ìpẹja ló wé mọ́ irin ibẹ̀ gbirigbiri, ó ti gé rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́ inú.

Bọ̀dá Houston:
Òun gan-an nìyẹn. Rọ́bà méjì ló sábà máa ń wà níbẹ̀, pààrọ̀ méjèèjì. Má gbé e wọ omi kí ìyẹn tó parí. Fi nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì náà ránṣẹ́ sí mi, kí n bá ọ wo irú rọ́bà tó ń lò.