Orúkọ wo ló yẹ kí a fún àmì fódà lórí Linux?

Ọmọ Owé, Kàbà
Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará. Mo ń ya àwọn àmì fódà (icon, àwòrán kékeré tó dúró fún fódà lójú kọ̀ǹpútà) fún kọ̀ǹpútà ilé-ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ wa, tí ètò ìṣiṣẹ́ Linux wà lórí wọn, kí fódà tí a kó àwòrán aṣọ Bùnú sí lè yàtọ̀ sí ti orin. «Aṣọ Bùnú.svg» ni mo pe fáìlì àmì náà. Kí n tó gbé e sórí gbogbo wọn, ǹjẹ́ ìlànà kan wà?

Ará Ìsánlú
Ó wà. freedesktop.org, àjọ tó ń ṣètò ìlànà fún ojú kọ̀ǹpútà Linux, ló gbé e kalẹ̀, GNOME àti KDE, ètò méjì tó ń gbé ojú kọ̀ǹpútà Linux jáde, sì ń lò ó. Lẹ́tà kékeré ASCII (a sí z lásán), nọ́ńbà, dáàṣì, ìlà ìsàlẹ̀ àti àmì ìdánudúró nìkan ló gbà; kò gba àlàfo, lẹ́tà ńlá tàbí àmì ohùn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ṣe ń tẹ̀lé ara wọn ló jà jù: èyí tó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ ní ń ṣíwájú, èyí tó ṣe pàtó a tẹ̀lé e. Bí ẹ bá kọ «folder-aso-bunu», tí kọ̀ǹpútà kò sì rí i nínú àkójọ àmì tí ẹnìkan ń lò, yóò máa gé e láti ẹ̀yìn títí yóò fi kan «folder», tí ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ó bá jẹ́ «bunu-folder» ni, «bunu» ni yóò kù, ta ló sì ti ya ìyẹn rí?

Ọmọ Yàgbà, Ẹ̀gbẹ̀
Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ, àmọ́ ìlànà yẹn tún ní kí a kọ orúkọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà. Ní tèmi, fún fódà tí ó jẹ́ tiwa nìkan, èdè wa kò ba nǹkan kan jẹ́. Èyí tí kò gbọdọ̀ yí padà ni àwọn tí ètò kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ń béèrè, bíi «folder-music» àti «folder-pictures». Ẹ ṣọ́ «folder-download»: GNOME kò fi «s» sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Downloads ni fódà náà ń jẹ́. Ti ilé sì ni «user-home», ti pàǹtírí ni «user-trash». Orúkọ àmì méjèèjì yìí kò ní «folder» nínú rárá.

Ọmọ Owé, Kàbà
Ẹ ṣeun. Ṣé fódà náà gan-an yóò wá pàdánù àmì ohùn rẹ̀ ni?

Ará Ìsánlú
Rárá o. Ọ̀tọ̀ ni orúkọ fódà, ọ̀tọ̀ ni ti àmì rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí fódà máa jẹ́ «Aṣọ Bùnú», lórí KDE, inú fáìlì «.directory» tó wà nínú fódà náà ni ẹ óò kọ «Icon=folder-aso-bunu» sí, lábẹ́ «[Desktop Entry]».