Yàrá òtẹ́ẹ̀lì tó dára fún wíwo rélùwéè: ẹ sọ ohun tí ẹ mọ̀

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ já irọ́ kan: kì í ṣe gbogbo òtẹ́ẹ̀lì tó wà ní ibùdókọ̀ rélùwéè lèèyàn ti ń rí ọkọ̀. Tokyo Station Hotel wà nínú ilé ibùdókọ̀ gan-an, ilé bíríkì pupa tí wọ́n ṣí lọ́dún 1914, síbẹ̀ ìgboro Marunouchi tàbí inú gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ fèrèsé ibẹ̀ kọjú sí. Ẹni tó bá fẹ́ wo Shinkansen, ọkọ̀ ojú irin ayára ti Japan, Hotel Metropolitan Tokyo Marunouchi tó wà nítòsí ni kó lọ. Àjà 27 ni òtẹ́ẹ̀lì náà ti bẹ̀rẹ̀. Kó béèrè fún ìhà tó kọjú sí ojú irin. Kó má sì ṣọ́ òru o: Shinkansen kì í rìn láàárín agogo méjìlá òru sí mẹ́fà àárọ̀.

Ní Cologne ní Jámánì, Hyatt Regency tó wà ní Deutz, lódìkejì odò Rhine, dára ju ọ̀pọ̀ èyí tó fara ti ibùdókọ̀ lọ. Afárá Hohenzollern wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú irin mẹ́fà ló gba orí rẹ̀, ọkọ̀ tó ń kọjá lójúmọ́ sì lé ní 1,000. Nítorí pé ibùdókọ̀ ti sún mọ́lé, wọn kì í sáré. Àléébù kan ni pé àwọn irin ńlá tó gbé afárá ró á máa gé ọkọ̀ sí wẹ́wẹ́ lójú yín.

—

Òótọ́ lẹ sọ. Àmọ́ àjà ló ń ba nǹkan jẹ́ jù, ìṣirò rẹ̀ kò sì le. Ẹ ka ilẹ̀ẹ́lẹ̀ sí àjà kìíní, ẹ fún àjà kọ̀ọ̀kan ní mítà mẹ́ta. Ojú ẹni tó dúró ní àjà kejì wà ní nǹkan bíi mítà 4.6. Wáyà iná tó ń gbé ọkọ̀ rìn sábà máa ń wà ní mítà 5 sí 6. Tí irin bá wà nítòsí, wáyà àti òpó lẹ ó máa wò, bí kì í bá tiẹ̀ ṣe ògiri adènà ariwo. Láti àjà kẹta ni ojú ti ń là.

Ẹ má wá torí ìyẹn sáré gba àjà kẹẹ̀ẹ́dógún: òrùlé ọkọ̀ nìkan lẹ máa rí. Ó kéré tán, kí irin jìnnà sí fèrèsé tó ìlọ́po méjì gíga tí ojú yín fi ga ju ilẹ̀ lọ. Àjà kẹfà, tó jẹ́ bíi mítà 17, ń fẹ́ nǹkan bíi mítà 35. Tí irin bá gba orí òkìtì, ẹ yọ gíga òkìtì náà kúrò kẹ́ ẹ tó ṣírò.

Pèpéle tí èrò ti ń wọkọ̀ kọ́ ni kẹ́ ẹ máa wá, torí òrùlé ló bò ó. Ẹnu ibùdókọ̀ ni, níbi tí ojú irin méjì ti ń ya di mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń bọ́ láti ojú irin kan sí òmíràn. Oòrùn náà ńkọ́? Ní apá àríwá ayé, yàrá tó kọjú sí àríwá ló dára fún fọ́tò, torí ẹ̀yìn yín ni oòrùn á ti máa tàn sára ọkọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà òtútù, òjìji òtẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ lè bo irin látàárọ̀ dalẹ́. Ní Australia, ẹ yí i padà.

—

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ṣí OpenRailwayMap, máàpù ojú irin orí íńtánẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ mọ irin tí ọkọ̀ ṣì ń gbà yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ti pa tì. Ẹ wá fi àwòrán sátẹ́láìtì wọn bí irin ṣe jìnnà sí ògiri. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ya àwòrán náà: ilé tuntun lè ti dìde síwájú fèrèsé, igi tí kò léwé nígbà òtútù á sì di kọ́tìnì nígbà ooru. Ẹ tún ka ìráhùn àwọn tó ti sùn níbẹ̀. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé ariwo ọkọ̀ ojú irin ò jẹ́ kóun sùn, tó tún dárúkọ nọ́ńbà yàrá rẹ̀, ti ṣe yín lóore.

Òtẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ̀wé sí, kì í ṣe ìkànnì tó ń bá wọn ta yàrá. Ẹ là á mọ́lẹ̀ pé irin lẹ fẹ́ wò, ariwo ò dà yín láàmú, torí àánú ló máa ń mú kí òṣìṣẹ́ fi yín sí ẹ̀yìn ilé. Ẹ béèrè nọ́ńbà yàrá, bóyá fèrèsé ṣeé ṣí, bóyá wọ́n lẹ ike mọ́ gíláàsì, àti bóyá wọ́n ń tún ara ilé ṣe. Tí wọ́n bá fún yín ní yàrá mìíràn, àwòrán ọ̀nà àbáyọ nígbà iná tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn sábà máa ń fi gbogbo yàrá àjà náà hàn. Ẹ mú nọ́ńbà tó yẹ níbẹ̀, ẹ gbé e lọ sí kántà kẹ́ ẹ tó tú ẹrù.

—

Ẹ̀yin oníkámẹ́rà, ẹ pa gbogbo iná yàrá, títí kan tẹlifíṣọ̀n. Ẹ tẹ rọ́bà tó yí ẹnu lẹ́ǹsì ká (lens hood) mọ́ gíláàsì, kẹ́ ẹ dojú kọ ọ́ tààrà. Tẹ́ ẹ bá dagun, gíláàsì onípele méjì lè fún yín ní ọkọ̀ méjì nínú fọ́tò kan. Ọkọ̀ tó ń sáré ń fẹ́ kí kámẹ́rà ṣí fún 1/1000 ìṣẹ́jú àáyá, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀dù iná LED iwájú rẹ̀ tó ń kọ ibi tó ń lọ lè já sí wẹ́wẹ́ nínú fọ́tò. Ní 1/125, ó sábà máa ń jáde pé, nítorí náà ẹ dúró dìgbà tó bá ń rọra wọlé.

—

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀sán àti òru ò yàtọ̀ fún ọkọ̀ ẹrù. Station Inn ní Cresson, Pennsylvania, kọjú sí ojú irin iléeṣẹ́ ọkọ̀ ẹrù Norfolk Southern, kò sì jìnnà sí Horseshoe Curve, kọ́nà ojú irin tí wọ́n ṣí lọ́dún 1854. Òkè ni wọ́n ń gùn níbẹ̀, torí náà ẹ̀rọ àfikún máa ń ti ọkọ̀ ẹrù láti ẹ̀yìn.

Níbi tí títì bá ti gé irin kọjá, òfin ní kí awakọ̀ fun fèrè fún ìṣẹ́jú àáyá 15 sí 20 kó tó débẹ̀: gígùn méjì, kúkúrú kan, gígùn kan, ní desibẹ́ẹ̀lì 96 sí 110, àyàfi níbi tí wọ́n bá ti kéde pé kí fèrè dákẹ́. Tẹ́ ẹ bá mú ẹni tí kò fẹ́ràn rélùwéè dání, ẹ ka irú oríta bẹ́ẹ̀ lórí máàpù kẹ́ ẹ tó gba yàrá.

Ní Bìrìtéènì, òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń ti ojú irin láti tún un ṣe. Ẹ wo ìkéde iṣẹ́ kẹ́ ẹ tó mú déètì, kẹ́ ẹ sì yẹ ìkànnì Realtime Trains wò. Ó ń fi ọkọ̀ ẹrù hàn pẹ̀lú ti èrò.