Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: níbo ni mo ti lè ra tíkẹ́ẹ̀tì Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2026 tí mi ò ní bọ́ sọ́wọ́ gbájúẹ̀?

Àjàní Bọ́ọ̀lù
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan, ó kéré tán, nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ti Amẹ́ríkà, Kánádà àti Mẹ́síkò yìí. Ẹnìkan lórí WhatsApp ní òun ní tíkẹ́ẹ̀tì àṣekágbá méjì, 900 dọ́là lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ti fi àwòrán wọn ránṣẹ́, QR ara rẹ̀ hàn ketekete. Ó ní kí n san ìdajì kó tó di alẹ́ òní torí pé àwọn mìíràn ti ń béèrè. Owó wà lọ́wọ́, àmọ́ ara ń fu mí. Níbo lẹ̀yin ti ń rà á?

Màmá Tọ́lá
Ọmọ mi, má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí i. 900 dọ́là fún àṣekágbá kẹ̀? Nígbà tí FIFA fúnra wọn kéde iye owó ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, 60 dọ́là ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ fún ìpele ìsọ̀rí, ti àṣekágbá sì gòkè dé 6,730. Wọ́n tún sọ pé iye náà á máa lọ sókè sódò bí èèyàn bá ṣe ń rà á sí. Ẹni tó ní méjì lọ́wọ́ lóòótọ́ kò ní máa wá ẹni tó máa gbà á lọ́pọ̀ lórí WhatsApp. "Kó tó di alẹ́ òní" yẹn gan-an ló tú u fó. Ìkánjú ni wọ́n fi ń mú èèyàn.

Ṣẹ́gun Ẹ̀rọ
Màmá ti sọ ti owó, ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwòrán. Inú áàpù FIFA lórí fóònù ni tíkẹ́ẹ̀tì ìdíje yìí ń gbé. QR tí ẹnìkan yà lójú fóònù, ó lè fi ránṣẹ́ sí ogún èèyàn, kí gbogbo yín sì lọ pàdé lẹ́nu géètì. Bí ẹni náà bá ní tíkẹ́ẹ̀tì lóòótọ́, inú áàpù tirẹ̀ ni yóò ti fi í ránṣẹ́ sínú tiyín, ẹ̀yin náà á sì rí i níbẹ̀ kí ẹ tó gbà á. Ímeèlì tó bá ní "tíkẹ́ẹ̀tì yín ti wà lọ́nà, ẹ sanwó kó lè wọlé", irọ́ ni.

Ibi tí mo lè fọwọ́ rẹ̀ sọ̀yà ni FIFA.com/tickets. Ọwọ́ ara yín ni kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́, ẹ má gba inú ìpolówó tó máa ń wà lókè pátápátá tí ẹ bá wá nǹkan lórí Google. Lẹ́yìn https://, fifa.com gan-an ló gbọ́dọ̀ gbẹ̀yìn kó tó kan ìlà wíwọ́ (/) tó tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá lẹ ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́ fifa, ẹ jáde níbẹ̀ kíá. Ẹ máa forúkọ sílẹ̀, wọ́n ń pè é ní FIFA ID. Tíkẹ́ẹ̀tì 4 ni ilé kan lè rà fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan, 40 fún gbogbo ìdíje. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹ ń lò níbòmíràn síbẹ̀ o, torí ẹni tó bá wọlé sínú FIFA ID yín lè kó tíkẹ́ẹ̀tì yín lọ.

Alárọbọ̀ Kọ́
FIFA ní ọjà àtúntà tiwọn náà, fún ẹni tí kò bá rí rà ní tààrà. Àmọ́ owó orí ibẹ̀ ń bí mi nínú: 15% lọ́wọ́ ẹni tó ń rà, 15% lọ́wọ́ ẹni tó ń tà. Tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gbé síta ní 400 dọ́là, 460 lẹ máa san, 340 ló máa dé ọwọ́ ẹni tó tà á. FIFA á rọra fi 120 sápò láì gbá bọ́ọ̀lù kankan. Àwọn tó ń gbé ní Mẹ́síkò rí ojú rere, ọjà pàṣípààrọ̀ tiwọn kò gba kí ẹnikẹ́ni fi èlé lé iye tí wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Bàbá Ìjókòó
Òótọ́ lẹ sọ, Alárọbọ̀ Kọ́, àmọ́ n óò san 15% yẹn kí n lè sùn. Nínú àwọn ilé àtúntà yòókù, àwọn kan máa ń ta tíkẹ́ẹ̀tì tí wọn ò tíì ní. Wọ́n á gba owó yín, wọ́n á máa retí kí ọjà rẹ̀ wálẹ̀ kí wọ́n lè rà á fún yín. Bó bá lọ sókè, wọ́n á dá owó yín padà nígbà tí ẹ ti san owó bàálù àti òtẹ́ẹ̀lì tán. Níbi yòówù kí ẹ ti rà á, káàdì ni kí ẹ fi san. Báńkì lè bá yín jà fún owó káàdì. Ti kírípítò tàbí káàdì ẹ̀bùn, ó ti lọ nìyẹn.

Tìmọ́
Kí ló dé tẹ́ ẹ ń kánjú? Ní ìdíje Ife Àgbáyé Kíláàbù 2025, tíkẹ́ẹ̀tì Chelsea àti Fluminense, ìpele tó ṣáájú àṣekágbá o, já láti 473.90 dọ́là sí 13.40 nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀.

Bàbá Ìjókòó
Tìmọ́, ti kíláàbù nìyẹn. Ta ló sọ fún ẹ pé ti orílẹ̀-èdè á rí bẹ́ẹ̀? Àmọ́ mo gbà pé kò pọn dandan kó jẹ́ àṣekágbá. Nínú 104 ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀, 72 ló wà ní ìpele ìsọ̀rí. Àjàní, mú èyí tí ariwo rẹ̀ kò pọ̀.

Àjàní Bọ́ọ̀lù
Ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀rẹ́ mi kò tíì ní físà Amẹ́ríkà. Ṣé tíkẹ́ẹ̀tì á ràn án lọ́wọ́?

Arìnrìn-àjò
Díẹ̀. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní FIFA PASS, ó ń jẹ́ kí ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ FIFA tààrà tètè rí ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò físà. Kì í ṣe físà o, wọ́n ṣì lè ní rárá. Tíkẹ́ẹ̀tì ọwọ́ alárọbọ̀ kò sì wọnú ètò yẹn. Orílẹ̀-èdè mẹ́ta ni, òfin ìwọlé mẹ́ta, físà Amẹ́ríkà kò túmọ̀ sí pé ẹ lè wọ Kánádà. Ẹ yanjú ti físà kí ẹ tó mú ìlú tí ẹ máa lọ.

Kẹ́hìndé
Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n tàn yín pé "ẹ ṣáà wá, a máa bá yín sọ̀rọ̀ lẹ́nu géètì". Ní àṣekágbá Champions League ọdún 2022 nítòsí Paris, tíkẹ́ẹ̀tì ayédèrú 2,589 ni UEFA, àjọ bọ́ọ̀lù Yúróòpù, kà lẹ́nu ọ̀nà, àwọn tó ní ojúlówó náà sì jẹ nínú ìyà ọjọ́ yẹn.

Àdùkẹ́ Ń Bi Yín
Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n fẹ́ ta "RTB" (Right to Buy) kan fún mi láti FIFA Collect, ìkànnì FIFA kan. Ṣé òun náà ni tíkẹ́ẹ̀tì?

Ṣẹ́gun Ẹ̀rọ
Rárá, Àdùkẹ́. Àǹfààní láti ra tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń tà fún yín níbẹ̀. Bí àkókò bá tó, ẹ ṣì máa san owó tíkẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ ro méjèèjì pọ̀ kí ẹ tó dá a lóhùn, kí ẹ sì wo irú ìjókòó tó wà fún.