Ṣé omi tí oòrùn gbóná lè mú yàrá móoru ní Jos?

ÌyáTòsìn_Rayfield:
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Rayfield ni mo wà, ní Jos. Ọyẹ́ ibí kì í ṣe ẹgbẹ́ ti Ìbàdàn: láti Dìsẹ́ḿbà wọ Fẹ́búárì, omi táńkì wa dà bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde nínú fíríìjì. Ìyá ọkọ mi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, eegun ń dùn wọ́n, ni wọ́n bá ń gbé ìkòkò èédú wọ yàrá kí wọ́n tó sùn. Ẹ̀rù ń bà mí. Ọkọ mi ní ká ra hítà oníná, àmọ́ iná dà? Mo rí ilé kan lọ́nà Bùkúrù tí wọ́n to àwọn ọ̀pá gíláàsì dúdú sórí páànù, táńkì fàdákà gbọọrọ wà lókè wọn. Wọ́n ní oòrùn ni wọ́n fi ń se omi ìwẹ̀. Ṣé irú ẹ̀ lè mú yàrá móoru náà?

BàbáPúlọ́ḿbà_Kàdúná:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mà. Ẹ kọ́kọ́ gbé ìkòkò èédú yẹn síta lónìí. Afẹ́fẹ́ tó ń pani nínú rẹ̀ kò ní òórùn, kò sì ṣeé rí. Ẹni tó bá sùn tì í nínú yàrá tí wọ́n ti fèrèsé pa lè má jí mọ́.

Ohun tí ẹ rí yẹn, gíláàsì méjì ló wà nínú ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan nínú ìkejì, wọ́n sì ti fa afẹ́fẹ́ àárín wọn jáde. Ìdí nìyẹn tí atẹ́gùn tútù kì í fi í rí ooru rẹ̀ gbé lọ. Omi gbígbóná fúyẹ́ ju tútù lọ, ó ń gòkè wọ táńkì fúnra rẹ̀, kò wá páńpù. Fún ìwẹ̀, ẹ rà á, ẹ má ṣiyèméjì.

Yàrá ló le. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Táńkì lítà 200 tí oòrùn gbé dé dígírì 55, tí ẹ lò títí ó fi bọ́ sí 25, ooru tí ẹ rí níbẹ̀ kò ju ti hítà kékeré oníkílówáàtì 1 tó ṣiṣẹ́ fún wákàtí 7. Yàrá kan, òru kan. Gbogbo ẹni tó bá sì wẹ̀ lálẹ́ ti bù nínú ẹ̀!

Omi orí òrùlé kò tún ní sọ̀ kalẹ̀ wá yí yàrá ká fúnra rẹ̀, ẹ máa nílò páńpù. Àwọn òyìnbó máa ń tẹ́ páìpù sílẹ̀ kí wọ́n tó da sìmẹ́ńtì lé e, omi dígírì 35 sí 40 sì tó wọn. Ṣé ilẹ̀ ilé tí ẹ ti tẹ́ táìlì sí tán lẹ fẹ́ hú? Èmi ò ní gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ yín.

Olùkọ́_Kúbwà:
Mo gbé Jos pẹ́ kí n tó wá sí Abuja. Fèrèsé ilé àtijọ́ ibẹ̀, àwọn gíláàsì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi irin ṣí, kì í tì tán. Ẹ gbé àbẹ́là súnmọ́ ọn lálẹ́, ẹ wò ó bí iná rẹ̀ yóò ṣe tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ibẹ̀ ni òtútù ń gbà wọlé. Síílìn ńkọ́? Tó bá jẹ́ páànù nìkan ló wà lórí yín, kò sí hítà tó máa ká a. Ní Ísírẹ́lì, ní 1980 ni wọ́n ṣe òfin pé kí ilé tuntun ní ẹ̀rọ omi oòrùn yìí, omi ìwẹ̀ náà ni wọ́n sì ń fi í ṣe jù.

ÌyáTòsìn_Rayfield:
Ẹ ṣé, sà. Èédú ti jáde. Màmá kọ́kọ́ bínú, àmọ́ a ra rọ́bà olómi gbígbóná ní ṣọ́ọ̀bù olóògùn, a fi aṣọ wé e, a gbé e sẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ti ń bèèrè rẹ̀ fúnra wọn báyìí. Káfíńtà ń bọ̀ wá wo síílìn. Ti omi ìwẹ̀ yẹn, ibo ni kí gíláàsì ọ̀hún kọjú sí?

BàbáPúlọ́ḿbà_Kàdúná:
Gúúsù. Apá ibẹ̀ ni oòrùn ń gbà nígbà ọyẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè tó dígírì 25 sí 30. Àwọn ọmọṣẹ́ mìíràn á kàn tẹ́ ẹ lé páànù, wọ́n á gbowó lọ. Eruku ọyẹ́ máa ń bò ó, ẹ máa nù ún láàárọ̀ kùtù, torí omi tútù lè la gíláàsì tó ti gbóná. Táńkì omi tútù yín sì gbọ́dọ̀ ga ju ti fàdákà lọ kí omi tó lè wọ inú ẹ̀. Ẹ wọn gíga ìdúró táńkì yín kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni.