Ọkọ̀ àtijọ́ mi ń sùn níta nítorí òrùlé tó bàjẹ́: ṣé adójútòfò mi ṣì dúró?

Ìbéèrè, láti Thamesmead, London

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Mo ní Volkswagen Beetle kan tí wọ́n ṣe ní 1973, irú èyí tí àwọn òbí wa ń pè ní ìjàpá, mo sì ra adójútòfò ọkọ̀ àtijọ́ fún un ní oṣù kẹrin. Owó rẹ̀ kò tó ìdajì ohun tí mo ń san lórí ọkọ̀ mi kejì, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tó kọjá tí mo jókòó ka ìwé àdéhùn náà tán ni mo tó mọ ìdí tó fi pọ́ọ́kú. Ó ní ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ máa sùn nínú ilé ìgbọ́kọ̀sí tó ní àgádágodo láti aago mẹ́wàá alẹ́ di aago mẹ́fà àárọ̀, pé n kò gbọdọ̀ wà á ju máìlì 3,000 lọ lọ́dún, pé mo gbọ́dọ̀ ní ọkọ̀ mìíràn fún ìrìn ojoojúmọ́, àti pé ìgbafẹ́ àti ìlò ilé nìkan ni ìjàpá wà fún.

Òrùlé ilé ìgbọ́kọ̀sí mi ti bàjẹ́, àwọn tó ń tún un ṣe sì sọ pé yóò gbà wọ́n tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, nítorí náà iwájú ilé ni ọkọ̀ náà ń sùn báyìí. Yàtọ̀ sí èyí, ọkọ̀ mi kejì jẹ́ èyí tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì, ó sì ti gbó. Láti ìgbà tí wọ́n ti mú ULEZ, ìyẹn àgbègbè tí ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ pọ̀ jù ti ń sanwó, dé gbogbo àdúgbò London ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2023, £12.50 ni mo ń san lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan tí mo bá wà á jáde, nígbà tí ìjàpá kò san kọ́bọ̀ nítorí pé wọ́n ti kà á mọ́ ọkọ̀ ìtàn tó ti lé ní ogójì ọdún. Ìdí nìyí tí mo fi ń wà á dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin Abbey Wood nígbà mìíràn, tí mo ń gbé e sílẹ̀ níbẹ̀ kí n tó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ síbi iṣẹ́. Mo tilẹ̀ ti ń rò ó láti ta ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì náà. Àbúrò mi obìnrin sì tún fẹ́ kí n fi ìjàpá gbé òun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀.

Èwo nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí ló ba àdéhùn jẹ́? Ṣé kí n pe ilé-iṣẹ́ náà ni, àbí pípè tí mo bá pè wọ́n gan-an ni yóò kó mi sí wàhálà?

Ìyá Ìbejì, Manchester

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n lọ́la. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ sí yín. Nígbà tí ọkọ mi ra adójútòfò fún ọkọ̀ àtijọ́ tirẹ̀, wọ́n bi í léèrè ibi tí ọkọ̀ ń sùn, ó sì dáhùn pé inú ilé ìgbọ́kọ̀sí ni, nítorí pé ohun tó ní lọ́kàn láti ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbá tí a ń di ẹrù sí láti fi ránṣẹ́ sílé ti kún ibẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ọkọ̀ náà kò sì wọ ibẹ̀ rí. Àwọn olè gbé e ní iwájú ilé lóru. Olùṣèwádìí wá, ó ya àwòrán àwọn àgbá náà, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà ní ká ní àwọn mọ̀ pé ìta ni ó ń sùn, àwọn kì bá ti ta adójútòfò náà rárá. Owó tí a fi ra adójútòfò náà nìkan ni wọ́n dá padà fún wa. Ó dùn mí títí di òní, torí pé bàbá ọkọ mi ló fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún un.

Alágbàtà adójútòfò tẹ́lẹ̀, Leeds

Ohun tí Ìyá Ìbejì sọ bá Òfin Adójútòfò fún Oníbàárà ti 2012 mu. Bí ìdáhùn yín nígbà tí ẹ ń ra adójútòfò bá jẹ́ àṣìṣe àìkíyèsí, ohun tí ilé-iṣẹ́ náà ìbá ti ṣe bí ó bá mọ òtítọ́ ni wọ́n máa wò. Bí ó bá jẹ́ pé £200 ni wọn ìbá gbà dípò £150 tí ẹ san, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó gbà-má-bínú ni wọ́n lè san. Bí wọn kò bá ní tà á rárá, wọ́n lè kọ gbogbo rẹ̀.

Ti ẹ̀gbọ́n wa yàtọ̀ díẹ̀, nítorí pé òtítọ́ ni ó sọ lọ́jọ́ tó ra adójútòfò, lẹ́yìn náà ni òrùlé bàjẹ́. Abala 11 nínú Òfin Adójútòfò ti 2015 sọ pé bí ẹ bá rú àdéhùn tó wà láti dín ewu kan kù ní ibì kan tàbí ní àkókò kan, tí ẹ sì fi hàn pé rírú náà kò lè fi kún ewu àdánù tó ṣẹlẹ̀ lọ́nà tó gbà ṣẹlẹ̀, wọn kò lè tìtorí rẹ̀ kọ̀ láti sanwó. Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá kọlu ìjàpá lójú pópó lọ́sàn-án, ibi tó sùn lóru àná kò kan ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jí i níwájú ilé lóru, abala yẹn kò lè gbà yín. Ẹ pè wọ́n, ẹ sọ iye ọ̀sẹ̀, ẹ sì ní kí wọ́n fi ìdáhùn ránṣẹ́ ní kíkọ. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e sínú ilé ìgbọ́kọ̀sí ọ̀rẹ́ yín, ẹ sọ àdírẹ́sì yẹn náà fún wọn.

Ti Abbey Wood ni ó ń bà mí lẹ́rù jù. Wíwa ọkọ̀ dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin kí ẹ tó wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́, lílọ síbi iṣẹ́ ni àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò kà á sí. Irú ìlò tí ẹ rà fún ọkọ̀ ló ń sọ ohun tí adójútòfò náà jẹ́ látilẹ̀, nítorí náà abala 11 tí mo mẹ́nu bà kò dé ibẹ̀. Bí ọlọ́pàá bá dá yín dúró lójú ọ̀nà yẹn, wọ́n lè kà á sí wíwa ọkọ̀ láìní adójútòfò lábẹ́ abala 143 Òfin Ìrìnnà Ojú Pópó ti 1988: £300, àmì ìjìyà 6 lórí ìwé àṣẹ ìwakọ̀, wọ́n sì lè gbé ọkọ̀ náà lọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan máa ń fi lílọ síbi iṣẹ́ kún un bí ẹ bá san owó díẹ̀ sí i.

Ẹ má ta ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì kí ẹ tó bá wọn sọ̀rọ̀. Ní ti ìgbéyàwó, bí owó kò bá wọlé, ìlò ẹbí ni, àmọ́ àwọn ìwé kan dárúkọ ìgbéyàwó tààrà pé àwọn kò gbà á, nítorí náà ẹ béèrè. Ẹ sì máa ya àwòrán aago tó ń ka máìlì lọ́dọọdún, nítorí pé bí ọkọ̀ tó ti lé ní ogójì ọdún kò bá lọ fún MOT (àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún) mọ́, kò sí àkọsílẹ̀ mìíràn tí yóò gbè yín.

Ìyá Ìbejì

Bí èèyàn bá gbé e lọ sí Brighton fún òpin ọ̀sẹ̀ ńkọ́?

Alágbàtà adójútòfò tẹ́lẹ̀

Ọ̀pọ̀ ìwé ló sọ pé ìgbà tí ọkọ̀ bá wà nílé tàbí nítòsí ilé ni òfin ilé ìgbọ́kọ̀sí múlẹ̀. Ẹ wo iye máìlì tí tiyín kọ síbẹ̀.

Olùbéèrè, ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ará. Mo pè wọ́n. Wọ́n gbà kí ìjàpá sùn níta fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bí mo bá fi irin àtìpa sí ọwọ́ ìdarí rẹ̀, wọ́n sì ti fi lẹ́tà rẹ̀ ránṣẹ́. Lílọ síbi iṣẹ́ yóò jẹ́ £38 sí i, ṣùgbọ́n ìwé tuntun kò tíì dé, nítorí náà bọ́ọ̀sì ni mo ń wọ̀ dé Abbey Wood. Wọ́n gbà kí n gbé àbúrò mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, láìgba owó. Ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì kò gbọdọ̀ kúrò àfi bí mo bá ti ra òmíràn dípò rẹ̀.