Pọ́ǹpù omi mi ń kú tí oòrùn bá ti mú, ẹ gbà mí o

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará mi. Oko tòmátì mi wà létí odò lápá Ìsẹ́yìn, pọ́ǹpù oníbẹntiróò, íńṣì mẹ́ta, lèmi àti ẹ̀gbọ́n mi jọ ń lò. Àárọ̀ ni tiẹ̀, kì í yọ ọ́ lẹ́nu rárá. Àmọ́ tó bá kàn mí laago 1 ọ̀sán, tí oòrùn ti ń jó ni, tí eruku ọyẹ́ náà tún bo gbogbo ẹ̀, á ṣiṣẹ́ bí ogún ìṣẹ́jú, á bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, ó kú. Màá fa okùn títí apá á fẹ́ẹ̀ já, kò ní dáhùn, kí n lọ mu gààrí lábẹ́ igi kí n padà dé, ó tún ta. Mẹkáníìkì ní kábúrétọ̀ ni, ìyẹn ibi tí epo àti atẹ́gùn ti ń pò kó tó wọ ẹ́ńjìnnì, mo ra tuntun, ibi tá a wà náà la ṣì wà. Tòmátì ti ń rọ o.

Bàbá Oníkòkó: Ọmọ mi, tó bá tún kú, má fa okùn. Tú ìdérí táǹkì. Tó bá ṣe fíìì, ihò atẹ́gùn ara ìdérí ló dí, fi abẹ́rẹ́ ṣí i. Tí kò bá dún, ooru ni. Tú páálí irin tó bo fáànù, wo àwọn irin pẹlẹbẹ tó tò bí ewé ìwé lára ẹ́ńjìnnì, ibẹ̀ ni ooru ń gbà jáde.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́: Ẹ fọ fóòmù fílítà tó ń sẹ́ eruku kúrò nínú atẹ́gùn tí ẹ́ńjìnnì ń fà náà bọ̀ọ̀dá, omi ọṣẹ ni o, kó gbẹ dáadáa, kẹ́ ẹ ta ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì díẹ̀ sí i kẹ́ ẹ fọwọ́ fún un. Ẹ má wulẹ̀ yọ ọ́ sọnù nítorí kó lè mí o, àbúrò mi ṣe bẹ́ẹ̀, eruku jẹ písítìnì ẹ̀.

Ṣọlá Iganna: Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe àtíbàbà lé e lórí, kí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ẹ wo ọ́ìlì kẹ́ ẹ tó ta á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bu epo sí i nígbà tó ṣì ń gbóná, irun ojú mi jó lọ́dún tó kọjá, ẹ̀rín ni wọ́n fi mí rín lọ́jà.

Ẹni tó béèrè: Bàbá, ẹ kú ọgbọ́n o! Mo tú ìdérí, kò dún. Mo wá tú páálí fáànù, háà, koríko gbígbẹ àti eruku tó ti pò mọ́ ọ́ìlì ló dí gbogbo ẹ̀ pátápátá, mo fi igi ha á, mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbọ̀n ọ́n. Lónìí ó ṣiṣẹ́ láti aago 1 di aago 3, mi ò fọwọ́ kàn án. Kábúrétọ̀ àtijọ́ wà nílé o, kò ṣe nǹkan kan, ẹni tó bá fẹ́ rà á kó sọ̀rọ̀.