Ṣé lóòótọ́ ni pé òkè kan wà ní Mars tó ga ju Everest méjì lọ?

ÌyáÌbejì_Òsogbo:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o gbogbo ilé. Ọmọ mi dé láti ilé ìwé lánàá, ó ní tíṣà àwọn sọ pé Mars ni òkè kan wà tó ń jẹ́ Olympus Mons, pé ó ga tó nǹkan bíi kìlómítà 22. Mo ní irọ́ ni jàre, Everest tí gbogbo ayé ń pariwo ẹ̀ yìí, mítà 8,849 ni. Ìgbà tí mo wò ó lórí fóònù ni mo rí i pé òótọ́ ni, ojú tì mí díẹ̀ 😂. Àmọ́ báwo lòkè ṣe máa ga tó yẹn tí ò ní wó? Tiwa níbí, ojú òkun la ti ń wọ̀n ọ́n, Mars ò sì lókun, ibo wá ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀?

Baba_Jọ́gíráfì:
Màmá, èmi náà jiyàn nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́. Òkè ayọnáyèéfín ni, irú ti Hawaii gan-an, tí àpáta yíyọ́ inú ẹ̀ máa ń ṣàn lọ jìnnà kó tó dì. Ibi tọ́rọ̀ wà ni pé ilẹ̀ ayé tiwa ń rìn, sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lọ́dún, àmọ́ iná tó wà nísàlẹ̀ Hawaii ò fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan, torí náà bí òkè kan bá ṣe ń ga bọ̀ báyìí, ilẹ̀ á ti gbé e kúrò lórí iná, iná á tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn, ìdí nìyẹn táwọn erékùṣù yẹn fi tò tẹ̀lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín. Ilẹ̀ Mars ò rìn báyẹn. Ojú kan náà ló ń tú sí fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù ọdún, tó ń kó lé ara wọn. Ti pé kó wó, ẹni tó bá wọn kílò 100 níbí, bíi 38 ni òṣùwọ̀n máa kà fún un ní Mars, òkè náà ò wúwo púpọ̀ fún ara ẹ̀.

Tunji_awoyerawo:
Ẹ jẹ́ n dá sí ti wíwọ̀n. Sátẹ́láìtì NASA kan, Mars Global Surveyor, tó débẹ̀ ní 1997, ló ń tan iná léésà sílẹ̀, tó ń ka àsìkò tó fi lọ tó fi bọ̀. Wọ́n wá fi ìṣirò yan ibì kan ní òdo, ká kàn sọ pé ojú òkun tí ò lómi.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti 1971. Mariner 9, sátẹ́láìtì NASA mìíràn, dé Mars, eruku ti bo gbogbo ẹ̀ pátá, kò rí nǹkan kan yà ní fọ́tò àfi àmì dúdú mẹ́rin tó yọ orí. Ìgbà tí eruku rọlẹ̀ ni wọ́n tó mọ̀ pé orí òkè ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Olympus Mons sì wà nínú ẹ̀!

small_Ṣadé:
Ẹ̀gbọ́n, ta ló máa gùn ún báyìí? Èmi ò sí níbẹ̀ o 🙄

Tunji_awoyerawo:
Ṣadé, o lè gùn ún kó o má mọ̀. Ó fẹ̀ tó kìlómítà 600, bí ìgbà téèyàn fò láti Èkó dé Kàdúná, ó kàn ń dagun díẹ̀díẹ̀ ni. Etí ẹ̀ nìkan ni wàhálà wà, ògiri àpáta ibẹ̀ ga tó kìlómítà 8 láwọn ibì kan.

Baba_Jọ́gíráfì:
Kí tíṣà yẹn má sì fọwọ́ sọ̀yà jù, òkè kan wà lórí Vesta, òkúta ńlá tó ń yí oòrùn po lẹ́yìn Mars, òun náà ga tó bíi kìlómítà 22.

ÌyáÌbejì_Òsogbo:
Háà! Ẹ ṣé gan-an. Mo ti kà á fọ́mọ, ó ní kí n bi yín bóyá ó ṣì máa tú.

Tunji_awoyerawo:
Ẹnikẹ́ni ò tíì rí i kó tú. Àmọ́ àwọn ojú ibi tí àpáta ti ṣàn kan wà lára ẹ̀ tí wọ́n fojú bù sí bíi mílíọ̀nù ọdún méjì péré, lójú òkè, àná nìyẹn.